Táyé Ti Dé, Kẹ́hìndé Ṣì Wà Lọ́nà: Ìdáhùn fún Arábìnrin Kan ní Peckham

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Peckham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta. Ìgbà ìrúwé kẹta mi ní London nìyí. Méjì àkọ́kọ́ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta yìí tí oòrùn ti ń yọ dáadáa, tí mo sì ti bọ́ kóòtù sílẹ̀, imú mi ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, mo ń sín léraléra, ojú ń yún mi, oorun kì í kún ojú mi lóru, ó sì ń rẹ̀ mí lójoojúmọ́. Ìbàdàn la ti ṣe Kérésì, ìparí oṣù kìíní la padà dé. Ọkọ mi ní ọ̀fìnkìn ni. Màámi ní ibà ni, wọ́n tilẹ̀ ti fi àgbo rán ẹnì kan sí mi. A ti pa hítà nítorí owó iná, nǹkan dúdú kan sì ti ń hù lára ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Oòrùn ń ràn, gbogbo ènìyàn ń yọ̀, èmi nìkan ni ara ń ni. Kí ló ń ṣe mí?"

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá aláìsàn nínú ilé wọn ní Southwark àti Lewisham, kò sì sí oṣù kẹta kan tí n kì í gbọ́ irú ẹjọ́ tí o rò yìí, àgàgà lẹ́nu àwa tí a ti ilẹ̀ olóoru wá. Màá dá ọ lóhùn bí ẹni pé pálọ̀ rẹ ni mo jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ màmá ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí ìyá kì í ṣàdédé dárúkọ ibà. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé láàárín ọdún kan, tí ara rẹ̀ wá ń gbóná, tí òtútù ń mú un tó ń gbọ̀n, tí orí ń fọ́ ọ, tí gbogbo oríkèé ń ro ó, kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì jẹ́ pé ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé Nàìjíríà lòun ti dé, kó sì sọ ọjọ́ tó dé. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n lè rò pé flu lásán ni, torí ibà ẹ̀fọn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ níbí. Ibà lè sá pamọ́ sínú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó gbérí. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ní kò sí nǹkan kò sì tó. Wọ́n sábà máa ń tún un ṣe títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé níwọ̀n ìgbà tí a ti bá ibà dàgbà, kò sí ohun tó lè fi wá ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ẹni tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí kò sí ẹ̀fọn ibà. Agbára tí ara fi ń bá a jà máa ń dín kù bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Àgbo tí màmá fi ránṣẹ́, n kò ní kí o dà á nù, ṣùgbọ́n má fi í dípò àyẹ̀wò, má sì mu ún mọ́ àwọn oògùn tí mo fẹ́ dárúkọ láìjẹ́ pé o ti sọ fún apoògùn.

Nínú lẹ́tà rẹ, ṣá o, n kò rí ara gbígbóná, n kò rí gbígbọ̀n. Ojú tó ń yún ni mo rí. Ibà kì í mú ojú yún. Ọ̀fìnkìn náà kì í sábà mú ojú yún, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sì máa ń lò kó tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí ara bá gbóná lọ́la, padà sí ohun tí mo sọ lókè. Bí kò bá gbóná, jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí o ṣe nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá tún yọ, jáde ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, dúró lójú títì, kí o wo òjìji rẹ. Wàá rí i pé ó gùn jù ọ́ lọ. Ní Ìbàdàn, lásìkò yìí kan náà, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí agbedeméjì orí. Abẹ́ ẹsẹ̀ ni òjìji ń sá sí. Níbí, oòrùn oṣù kẹta kò gòkè dé ìdajì ọ̀nà sí àárín ọ̀run. Ó ń mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò wá. Òkun tó yí erékùṣù yìí ká sì ti ń tutù láti oṣù kẹwàá, kò tíì ráyè móoru. Nílé, láti kékeré, ìbejì ni ìmọ́lẹ̀ àti ooru lójú wa: ibi tí a bá ti rí Táyé, a mọ̀ pé Kẹ́hìndé wà nítòsí. Kódà nínú ọyẹ́, tí òwúrọ̀ bá tutù, bó bá di ọ̀sán, oòrùn á ta wá lórí. Ní London, Kẹ́hìndé rán Táyé síwájú kó lọ wo ayé wò, òun fúnra rẹ̀ sì lè má tíì dé títí di oṣù karùn-ún. Ìwọ rí Táyé lójú fèrèsé, o bọ́ kóòtù. Ọkọ rẹ rí Táyé, ó pa hítà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń dà yín láàmù ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán oṣù kẹta ní London sábà máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 11 tàbí 12, òru sì lè wálẹ̀ dé 4 tàbí 5. Ìbàdàn ń kọjá 30 lọ́sàn-án lásìkò kan náà. Ìyá àgbà òyìnbó kan tí mo ń di egbò ẹsẹ̀ fún ní Deptford ló kọ́ mi ní òwe wọn kan, pé kí ẹnikẹ́ni má bọ́ aṣọ òtútù kan ṣoṣo títí oṣù karùn-ún yóò fi parí. Òwe náà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún mi. Aṣọ méjì mẹ́ta tó fúyẹ́ léra wọn dára ju kóòtù ńlá kan lọ, torí láàárín ọjọ́ kan náà wàá rí oòrùn, òjò àti atẹ́gùn tútù, wàá sì máa bọ́ ọ, wàá máa wọ̀ ọ́. Fún ọmọ, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kò tíì di ohun à ń kó pamọ́.

Wàyí o, imú. Ohun tó ń ṣe ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní hay fever níbí ló jọ. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà. Kì í ṣe ibà rárá, kì í sì í mú ara gbóná. Igi ló ń fà á. Lásìkò yìí, àwọn igi ń tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn sínú afẹ́fẹ́ kó lè dé ara igi mìíràn kí wọ́n lè so. Pollen ni wọ́n ń pe lẹ́búlẹ́bú náà, ó kéré débi pé ojú lásán kì í sábà rí i. Hazel àti alder ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní, nígbà tí gbogbo wa ṣì ń fi aṣọ wé ọrùn. Birch, tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Àwọn igi gàgàrà tí èèpo ara wọn ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí o ń rí lójú títì káàkiri London, tí wọ́n ń pè ní plane, tiwọn ṣì ń bọ̀ ní oṣù kẹrin. Bí igi bá fi sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún, koríko á gbà á, koríko ló sì ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé igi nìkan ni ara rẹ ń kọ̀, ìrora rẹ kò ní gùn tó ti ẹlòmíràn.

O béèrè láàárín ọ̀rọ̀ rẹ, bó ò tilẹ̀ sọ ọ́ tààrà, pé kí ló dé tí ọdún méjì àkọ́kọ́ fi lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ara kì í bá ohun tí kò tíì mọ̀ jà. Ọdún àkọ́kọ́, ara rẹ pàdé lẹ́búlẹ́bú igi bí ẹni pàdé àlejò. Ọdún kejì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀tá. Ọdún kẹta, bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà ló gbé idà. Omi tó ń dà lójú rẹ, omi tó ń dà nímú rẹ, ogun tí ara fúnra rẹ̀ ń jà ni, kì í ṣe pé igi náà ní májèlé. Mo ti rí i lára àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ti Nàìjíríà wá. Ọdún tí wọ́n dé, wọ́n á máa ya òyìnbó tó ń fi tíṣù nu imú lẹ́nu. Ọdún kẹta sí ìkẹrin, àwọn náà á wá máa béèrè tíṣù lọ́wọ́ mi.

Oògùn rẹ̀ kò le, kò sì pọn dandan kí o dúró de dókítà. Kẹ́míìsì ni kí o lọ. Sọ fún apoògùn ohun tí o sọ fún mi, kí o fi kún un bí o bá lóyún, bí o bá ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí bí oògùn mìíràn bá wà tí o ń lò. Piriton ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ nà sí, torí òun la mọ̀ láti ilé. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kun ènìyàn lóorun; má lò ó bí o bá fẹ́ wakọ̀ tàbí bí o bá ń ṣọ́ aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́. Cetirizine tàbí loratadine kì í sábà kun ènìyàn lóorun bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sì ni. Bí imú bá dí gan-an, èyí tí wọ́n ń fín símú, bíi beclometasone tàbí fluticasone, ló dára jù lójú tèmi. Àṣìṣe méjì ni mo ń rí lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn á fín in lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jù ú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀: ó lè gbà á ní ọjọ́ mélòó kan, títí dé ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó fi agbára rẹ̀ hàn, ojoojúmọ́ ni o sì gbọ́dọ̀ máa lò ó, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí ara bá yá. Èkejì, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á fà á símú fíìn, gbogbo rẹ̀ á sì gba ọ̀fun lọ. Tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, dojú ẹnu ìgò náà kọ apá ibi tí etí wà, má dojú rẹ̀ kọ àárín imú, kí o fín in, kí o sì rọra mí. Èyí tó ń la imú lójú ẹsẹ̀ tún wà, kì í ṣe òun ni mo ń sọ. Bí o bá lò ó kọjá iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, imú á tún wá dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Robb kò burú láti fi pa àyà, ara á fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n má fi sínú ihò imú. Vaseline ni kí o fi pa etí ihò imú kí o tó jáde. Lẹ́búlẹ́bú náà á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní ráyè wọlé.

Orí irun ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí àwọn ìwé tí wọ́n ń pín ní ilé ìwòsàn kì í ronú kan irun tiwa. Wọ́n á ní kí o fọ irun rẹ lálaalẹ́. Ta ni yóò fọ irun dídì lálaalẹ́? Ìdì irun ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú bí àwọ̀n ṣe ń kó ẹja, wíìgì náà sì rí bẹ́ẹ̀, ìwọ á wá gbé orí lé ìrọ̀rí, wàá máa fà á símú mọ́jú. Apá kan oorun tó ń yẹ̀ lójú rẹ lè ti ibẹ̀ wá. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn aláìsàn mi ni pé kí wọ́n wé gèlè tàbí ìborùn bí wọ́n bá ń jáde, kí wọ́n tú u lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má wọ̀ ọ́ dé yàrá. Fi tówẹ̀lì tútù nu ojú irun náà láti òkè wá sílẹ̀ kí o tó sùn, fọ ojú àti ọwọ́, kí o dé fìlà ìsùn tó mọ́. Àwọn arábìnrin tó ń wọ híjáàbù ti ní ààbò tiwọn, bí wọ́n bá ṣáà ń pààrọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá wọlé.

Bí àyà bá ń há ọ, tí èémí rẹ ń dún fíì-fíì, tàbí tí o kò lè mí dáadáa, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kẹ́míìsì. Pe GP rẹ, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ, tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera. Bí èémí bá ń tán lọ, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni.

Mo ń bọ̀ sórí ògiri yàrá ọmọ, nítorí òun ló mú mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ jókòó kọ èsì yìí lónìí. Ohun dúdú tó ń hù yẹn, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ni. Ọ̀rinrin ló ń bọ́ ọ. Ènìyàn mẹ́ta tí ń mí nínú fúláàtì kékeré, ọbẹ̀ tó ń hó fún wákàtí méjì, aṣọ tútù tí a sá sórí hítà, gbogbo omi wọn wà nínú afẹ́fẹ́ ilé, ó ń wá ibi tó tutù jù lọ tí yóò balẹ̀ sí. Nígbà tí ẹ pa hítà, ògiri ìta di ibi náà. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tó ń sùn síbẹ̀ lóru mọ́jú ń fà á sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Lónìí olónìí, kí o tó ṣe ohunkóhun, fa bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò níbẹ̀. Bí yàrá mìíràn bá wà, gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ tan hítà padà, kó wà ní nǹkan bíi dígírì 18, ooru díẹ̀ tó dúró déédéé sàn ju kí ẹ jẹ́ kí ilé tutù rinrin kí ẹ tó wá gbé e sókè. Mo mọ̀ pé owó ni. Bí ẹ bá ń san owó káńsù (council tax) lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, oṣù kejì àti oṣù kẹta ni ìsinmi rẹ̀. Owó ìsinmi yẹn ni mo ń bẹ yín pé kí ẹ fi tan hítà títí oṣù kẹrin yóò fi wọlé. Ẹ dé ìkòkò bí ẹ bá ń se ọbẹ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn kíṣíìnì, kí ẹ tan fáànù tó ń fa ooru jáde, kó ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sè é tán.

Ìwọ á sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣí fèrèsé nítorí ọ̀rinrin, ṣé lẹ́búlẹ́bú igi kò ní wọlé?" Yóò wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìmọ̀ràn méjì fi máa ń ta ko ara wọn lórí tábìlì kan náà. Èmi a máa ṣe é báyìí: òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́búlẹ́bú sábà máa ń pọ̀, nítorí náà mo ń ti fèrèsé nígbà náà. Ọ̀sán ni mo ń ṣí i gbayawu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì dára jù bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, torí òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Aṣọ tútù, má sá a síta ní oṣù yìí, má sì sá a sórí hítà. Bó bá jẹ́ ilé ìwẹ̀ nìkan ló ní fáànù, sá a síbẹ̀, kí o ti ilẹ̀kùn.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ògiri náà ṣì tutù, ẹ̀bi yín kọ́, ilé ló ní àrùn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ẹni tó ni ilé, ẹ tọ́jú ẹ̀dà. N kò ní gbàgbé ọmọdékùnrin ọlọ́dún méjì nì, Awaab Ishak, tó kú ní Rochdale ní oṣù kejìlá 2020 nítorí ohun dúdú tó hù nílé tí àwọn òbí rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilé gbígbé kan. Bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn tipẹ́. Orúkọ ọmọ náà ni òfin ń jẹ́ báyìí ní England, láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2025. Bí ilé yín bá jẹ́ ti káńsù tàbí ti housing association, òfin ní kí wọ́n wá yẹ ohun dúdú tó lè pa yín lára wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí ẹ bá ti fi tó wọn létí, láàárín wákàtí 24 bó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ẹ dárúkọ ọmọ náà nínú lẹ́tà yín. Bí ilé aládàáni bá ni, tí onílé kò sì dáhùn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ káńsù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ẹ̀yin ènìyàn yìí máa ń se oúnjẹ jù" lé ọ padà. Mo ti gbọ́ ọ rí níṣojú mi, nínú ilé tí òjò ń wọ̀ láti òkè òrùlé, inú mi ṣì ń ru títí dòní.

O ní gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Jẹ́ kí n sọ tọkàntọkàn, èmi náà ń yọ̀ pẹ̀lú wọn. Àwa ará ilé máa ń fi òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀ tí a bá rí wọn tí wọ́n nà gbalaja sórí koríko ní Burgess Park, lọ́jọ́ tí dígírì kò tíì pé 15. Èmi kò bá wọn ṣe é mọ́. Ní Ìbàdàn, láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún, ìyàtọ̀ wọn kò tó wákàtí kan. Níbí, ọjọ́ tó kúrú jù nínú oṣù kejìlá kò pé wákàtí mẹ́jọ; èyí tó gùn jù nínú oṣù kẹfà lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún. Inú oṣù kẹta yìí ni ọjọ́ ń yára gùn jù, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lójúmọ́, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn tó sì ń padà nínú òkùnkùn láti oṣù kọkànlá, tí wọ́n wá fún un ní ààbọ̀ wákàtí ìmọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí ni kó ṣe bí kò bá sáré jáde? Ìwọ náà jáde, kí o wọ kóòtù rẹ. Òwúrọ̀ ló dára jù fún oorun rẹ: ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú ní àárọ̀ ló ń sọ fún ara ìgbà tí yóò fẹ́ sùn lálẹ́. Rìn fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí o bá gbé ọmọ síléèwé, pẹ̀lú awò oòrùn lójú rẹ bí ojú bá ń yún. Bí o bá ráyè ní oṣù kẹrin, mú ọmọ lọ wo àwọn igi cherry tó máa ń tò lọ bí agboòrùn aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ní Greenwich Park. Lo oògùn rẹ kí ẹ tó lọ.

Ṣùgbọ́n kí ìmọ́lẹ̀ yìí má tàn ọ́ lórí vitamin D. Padà sórí òjìji rẹ: nígbà tó bá gùn jù ọ́ lọ, oòrùn náà wà fún ojú, awọ ara kò tíì rí nǹkan gidi gbà nínú rẹ̀. Tiwa tún yàtọ̀, nítorí awọ dúdú ń dí apá kan oòrùn lọ́nà. Ó dára ní Ìbàdàn, ó ń ná wa lówó ní London. Ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí gbogbo ènìyàn máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì rò ó wò láti máa lò ó yípo ọdún. Èmi ń lò ó yípo ọdún. Ọmọ rẹ náà gbọ́dọ̀ máa gba 10 lójúmọ́, torí bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin níbí. Má ra èyí tó le gan-an láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí imú bá là tí oorun sì padà, tí ó ṣì ń rẹ̀ ọ́, ní kí GP yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dín.

Ó ku aago. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí ni wọn yóò sún un síwájú: bó bá lu ọ̀kan òru, a ó ní méjì ti lù. William Willett, kọ́lékọ́lé kan tó ń gbé ní Chislehurst tí kò jìnnà sí wa, ló ń bẹ̀ wọ́n láti 1907 pé kí wọ́n má máa fi ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ṣòfò. Ó kú ní 1915. Ọdún kejì, nítorí ogun, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Bí ọkọ rẹ tàbí ìwọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lóru ọjọ́ náà, wákàtí kan yóò dín nínú rẹ̀, ẹ ti béèrè ṣáájú bí wọn yóò ṣe san owó rẹ̀. Fún ọmọ, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́rú, kí o máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mú àsìkò oorun rẹ̀ yá lálaalẹ́. Tó bá fi di ọjọ́ Sátidé, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Mo rántí ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2025. Ọjọ́ kan náà ni aago yí, ọjọ́ kan náà ni Ọjọ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ṣe ọdún ìtúnu àwẹ̀. Ilé mẹ́rin ni mo wọ̀ lójọ́ náà, kò sí èyí tí wọn kò ti fi oúnjẹ lọ̀ mí, kò sì sí èyí tí wọ́n ti mọ aago tó lù gan-an.

Láti ọjọ́ Àìkú yẹn títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago London àti ti Nàìjíríà á di ọ̀kan náà. Ní báyìí, bí màmá bá jí pè ọ́ ní aago mẹ́fà wọn, márùn-ún ni tìrẹ, wàá sì gbé fóònù pẹ̀lú ohùn oorun àti imú dídí. Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní ibà ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń fín símú náà lọ́la, tí o kò fo ọjọ́ kankan, ó yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́ kí aago tó yí. Ìwọ ni kí o pe màmá ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ní aago méje tiyín méjèèjì, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ bó ṣe mọ́. Kí o wá kọ̀wé sí mi pé ẹ ti gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò lára ògiri yẹn.